Kúbùsù Tí Mo Bẹ̀rẹ̀ ní Jiddari Polo

Ọdún kẹta mi ní yunifásítì ní Maiduguri ni mo pinnu pé màá fi ọwọ́ ara mi hun kúbùsù kan tí yóò bo ènìyàn láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kì í ṣe pé mo mọ ìhun dé ibẹ̀. Fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun ni ìyá mi kọ́ mi nílé wa ní Iléṣà, nítorí òun ni àwọn aboyún àdúgbò máa ń wá bá pé kó bá àwọn hun aṣọ òtútù. Ohun tó bá ti tóbi ju orí ọmọ ọwọ́ lọ, n kò hun ún rí.

Ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ hun ún fún. Àwa méjèèjì la jọ gba yàrá kan ní àdúgbò Jiddari Polo, nínú àgbàlá Alhaji kan tó jẹ́ Kànúrí. Ọmọ Ìbàdàn ni, Mùsùlùmí ni, ìmọ̀ ìṣirò ló ń kọ́. Ìmọ̀ ewéko ni tèmi. "Ìjẹ̀ṣà" ló máa ń pè mí, èmi náà á dá a lóhùn pé "Ìbàdàn." SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn àgbà ilé wa ń pe àrùn náà, ó sì kórìíra orúkọ yẹn bí ìgbẹ́. Á ní, "Mi ò kú lónìí. Kí ni mo wá fẹ́ dìde ṣe lọ́la?"

Ẹni tí kò bá gbé Maiduguri rí á rò pé ooru nìkan ló wà níbẹ̀. Kò mọ ọyẹ́ wọn. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo gbogbo ojú ọ̀run, a kì í rí òkè igi dongoyaro tó wà lẹ́nu géètì. Ètè á là, omi inú dúrọ́ọ̀mù á sì máa ta ènìyàn lọ́wọ́ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Òtútù yìí ni ọ̀tá ọ̀rẹ́ mi. Tó bá ti wọ̀ ọ́ lára, gbogbo egungun rẹ̀ ló ń ro ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, mo ti kíláàsì dé, mo bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀. Ó ti fi omi tútù ṣe àlùwàlá, kò ní sùúrù kí n dé wá gbé omi kaná. Kò sunkún, kò pariwo. Ó kàn di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń mí kúkúrú kúkúrú. Ìyàwó Alhaji ló gbọ́ igbe mi. Ó sáré wọlé, ó ń wí pé "Sannu, sannu," pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ó bọ́ ìborùn tirẹ̀ dà á lẹ́sẹ̀, ó sì ní kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé ọkọ̀. Bí a ṣe dé ọsibítù nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i tó ń gbọ̀n lábẹ́ kúbùsù méjì tó fẹ́lẹ́ bí aṣọ ìnujú. Mo jókòó tì í, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe tiwọn, omi ń kán wọ ara rẹ̀, èmi nìkan ni ọwọ́ mi dilẹ̀. Ọwọ́ tó dilẹ̀ yẹn ló bí kúbùsù.

Ní ọjọ́ kejì mo gun achaba, ọ̀kadà tiwọn, lọ sí Yerwa láàárín ìlú, mo wá òwú wúùlù kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù. Àwọ̀ ewé tó ṣú nìkan ló pọ̀ tó ohun tí mo fẹ́. Ọkùnrin tó ń tà á na ìka sí orí mi. "Kitso?" ó bi mí, bóyá irun ni mo fẹ́ fi dì. Mo ní rárá, bargo ni, ìyẹn kúbùsù lédè Haúsá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tọ́ka sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì níbi tí wọ́n to kúbùsù aláràbarà kọ́ sí. "Ga bargo can." Òótọ́ ló sọ, kúbùsù wà lọ́hùn-ún lóòótọ́. Mo gba òwú mi, mo lọ.

Kí ènìyàn tó hun ohunkóhun, yóò kọ́kọ́ kó ojú òwú sórí abẹ́rẹ́ ìhun kan, ojú kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí ojú tó bá kó bá ṣe pọ̀ tó ni aṣọ náà yóò ṣe fẹ̀ tó. Ti fìlà ọmọ, kí omi tó hó lórí iná, mo ti kó o tán. Ti kúbùsù yìí lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, ènìyàn á fa ìrù òwú sílẹ̀ kó gùn dáadáa, torí ìrù yẹn ló ń di ẹsẹ̀ ojú kọ̀ọ̀kan mú. Mo fa tèmi láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, mo rò pé ó ti pọ̀ jù. Mo kó ojú, mo kó ojú, nígbà tó kù díẹ̀ kí n parí, ìrù tán. Kò sí àtúnṣe fún un ju kéèyàn tú gbogbo rẹ̀ lọ. Mo tú u. Mo fa òmíràn jáde sí àgbàlá, mo fi yí ìdí dongoyaro po, iyanrìn sì wọ inú rẹ̀ tí ó ń ha mí lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀ràn kíkà. Wọ́n ti dá ọ̀rẹ́ mi padà sí yàrá wa nígbà náà, ó ń sùn, ó ń jí. Tí mo bá kà dé ibì kan, tó bá kérora díẹ̀, iye náà á fò lọ lórí mi. Mo ń kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, á di iye mìíràn. Abẹ́rẹ́ ìyá mi tí mo mú wá láti ilé gùn o, àmọ́ kò gùn tó ti iṣẹ́ yìí. Bí mo ti ń kó ojú síwájú ni àwọn ti ẹ̀yìn ń yọ́ bọ́ sílẹ̀. Ìgbà kan wà tí mo kó o pé, inú mi dùn, àfi bí mo ti fẹ́ hun ìlà àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ kejì kò wọlé. Mo ti fà á le jù. Ojú òwú wọ̀nyẹn di abẹ́rẹ́ mú bí ọ̀rẹ́ mi ṣe di ọrùn ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ yẹn. Mo tún tú u.

"Ìjẹ̀ṣà," ó pè mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, "ta ni ò ń hun nǹkan yìí fún?"

"Ìwọ ni."

"Ṣé mo ní kí o hun ún?"

Mo ní kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù pọ̀.

"Kúbùsù tí bàbá mi fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ó ti ya ni?" Ó gbé ara sókè díẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí mo bá ti lajú, ìwọ ni mo ń rí tí ò ń ka nǹkan, bí ẹni tó ń ka ọjọ́ tó kù fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà bà mí níbi tó dùn mí jù. Mo kó òwú àti abẹ́rẹ́, mo jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo jáde lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Inú bí mi, ojú sì tì mí, nítorí mo mọ̀ pé kò parọ́ tán. Kúbùsù yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni. Bí mo bá lè parí rẹ̀, kò ní kú. Báyìí ni mo ti bá Ọlọ́run ṣàdéhùn, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Títí ọjọ́ fi lọ, a ò sọ ju "o káàbọ̀" àti "oúnjẹ wà níbẹ̀" síra wa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí oòrùn yọ díẹ̀, mo bá a níwájú yàrá, tó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Òwú mi wà lórí itan rẹ̀. Ó ti já òwú ìránṣọ pupa sí wẹ́wẹ́.

"Wá jókòó," ó ní. "Ta ló kọ́ ẹ pé kí o máa ka gbogbo ẹ̀ láti ọ̀kan? Ka ogún, so òwú pupa mọ́ ọn, kí o gbàgbé ẹ̀. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ibi tó ti bàjẹ́ nìkan lo máa tún ṣe."

"Ṣé o ò bínú sí mi mọ́?"

"Mo ṣì ń bínú. Jókòó."

Mo jókòó. Mo rántí ohun tí ìyá mi máa ń ṣe fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le, pé kó fi abẹ́rẹ́ méjì papọ̀ kó ojú, lẹ́yìn náà kó fa ọ̀kan yọ, gbogbo rẹ̀ á sì dẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi mú ìdérí rọ́bà ìgò abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún un ní ọsibítù, ó tì í bọ orí abẹ́rẹ́ ìhun kí ojú òwú má baà yọ́ bọ́. Òun ń so pupa, èmi ń kó ojú. Ìyàwó Alhaji kọjá, ó kí wa pé "Ya jiki?", báwo lara. Ọ̀rẹ́ mi ní "Da sauki," ó ti rọrùn. Nígbà tí oòrùn kúrò lórí wa, ojú òwú ti pé, kò yí, kò le. Mo hun ìlà àkọ́kọ́ níṣojú rẹ̀. Ó ń wò ó, ó ní, "Ṣé kìkì èyí lo ń ṣe látọjọ́ yìí?" A bú sẹ́rìn-ín.

Nínú oṣù Kínní àrùn náà tún dá a dùbúlẹ̀. Àyà ló mú lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó lè jókòó, bàbá rẹ̀ ti Ìbàdàn wá mú un lọ sílé. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Bí a ti ń di ẹrù, ó gbé iṣẹ́ mi sókè. Kò tíì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Kí lèyí, ọmọ mi?"

"Kúbùsù ni, sà. Tiẹ̀ ni."

Ó wò ó títí. "Ó ṣì kéré."

"Màá parí ẹ̀, sà."

"Ọlọ́hun á jẹ́ kó bá a," ó ní, ó rọra gbé e lé mi lọ́wọ́.

Èmi nìkan ni mo kù nínú yàrá náà. Ọyẹ́ lọ, ooru dé, ooru Maiduguri tó ń mú kí ògiri gbóná lóru. Mo ń hun wúùlù lórí itan, òógùn ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Mo tò sórí ìlà ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù láti pe Ìbàdàn títí tó fi sú mi, ìpè ò wọlé. Ní àràárọ̀ ni ìyàwó Alhaji ń bi mí pé "Ya jiki?", pé ara ọ̀rẹ́ mi ńkọ́. Mo ń dáhùn pé "Da sauki," mi ò sì mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo ń sọ. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo fi rán agùnbánirọ̀ kan, ọmọ Ọ̀yọ́, tó ń gba Ìbàdàn padà sílé.

Ìgbà tí a gba ìsinmi ni mo tó dé Ìbàdàn. Ó wà láàyè. Ó ti rù, wọ́n sì ti gbà á sí yunifásítì mìíràn nítòsí ilé, kò ní padà wá mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ fún mi, ó gbàdúrà fún mi títí tí mo fi ń tijú. Bí mo ti wo inú yàrá wọn, mo rí kúbùsù náà lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi rí ojú mi. "Ó gbóná, ó dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí mo bá fi bora, òórùn eruku Maiduguri ni mo ń gbọ́ nínú ẹ̀. Mi ò lè sùn. Màámi ló ń fi bora."

Mo ní kò burú. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó sìn mí dé ibùdókọ̀. Kò lè rìn kíá, mo sì ń dín ẹsẹ̀ kù láìjẹ́ kó mọ̀. A sọ̀rọ̀ ìdánwò, a sọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ tó mọ̀, a ò mẹ́nu kan ọsibítù. Nígbà tí ọkọ̀ Iléṣà ń kún, ó bi mí pé, "Ìwọ àti ta lẹ jọ ń gbé yàrá báyìí?"

"Èmi nìkan ni."

Ó mi orí. Wọ́n pe àwa èrò ọkọ̀ pé ká wọlé, mo sì wọlé.