Fèrè ni Wọ́n Fọn fún Ìyá Húsnà, Ilẹ̀kùn ni Wọ́n Tì

Ìyá Húsnà kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, lórí àga rẹ̀ níbi iṣẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, a ti wẹ̀ ẹ́, a ti kírun sí i lára, a ti sin ín. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa ní Zongo, ní ìlú Parakou, nìyẹn, òkú kì í sùn lóde. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Àwọn onísẹ́mì tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò gbọ́. Ewúrẹ́ àdúgbò pàápàá mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó rántí da èèpo iṣu sílẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀gá yunifásítì tó bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún nìkan ni kò mọ̀ pé a ti sin ín.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Wọ́n mọ̀ pé ó kú. Inú ọgbà wọn ló kú sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì gbé e wálé fún wa, nítorí àwọn ọ̀gá wà ní ìpàdé. Ṣùgbọ́n dípò kí ẹnì kan nínú wọn gun ọ̀kadà wá sí Zongo kó wí pé, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe é?", kọmití ni wọ́n gbé kalẹ̀. Kọmití ìsìnkú! Wọ́n jókòó, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Wọ́n jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n jà lórí ẹni tí yóò gbé orí pósí àti ẹni tí yóò gbé ìdí rẹ̀. Pósí wo? Ẹ bá mi bi wọ́n.

Ọjọ́ kẹjọ pé. A tẹ́ ẹní síta, àwọn àlùfáà ń ṣe àdúà, àwa obìnrin ń pín màsà, àkàrà ìrẹsì. Ni a bá gbọ́ fèrè lókèèrè. A rò pé wọ́n ń gbé ìyàwó ni. Àfi bí ọkọ̀ òkú, funfun gbalaja, ṣe yọ ní kọ̀rọ̀, tó ṣófo, tí àwọn afọnfèrè sì tò tẹ̀lé e nínú kóòtù pupa. Àwọn méjì gbé òdòdó òkú tó fẹ̀ tó táyà katakata. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham, ẹni tó jẹ́ Rẹ́tọ̀, olórí pátápátá fún yunifásítì náà. Kóòtù dúdú ló wọ̀ nínú oòrùn Parakou, òógùn sì ti fẹ́ pa á.

Bọ̀ọ̀dá Zàkárí, ẹ̀gbọ́n olóògbé, dìde lọ pàdé wọn.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Baba," ni Rẹ́tọ̀ wí. "A wá gbé Màdáámù."

"Ẹ fẹ́ gbé e lọ síbo?"

"Sí yunifásítì, kí àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lè wò ó fún ìgbà ìkẹyìn."

Bọ̀ọ̀dá Zàkárí kì í pariwo. Ó mú un lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. "Ọ̀gá, ẹ jókòó ná, ẹ jẹ màsà. Ẹni tí ẹ wá gbé, ó ti ṣáájú yín lọ."

Rẹ́tọ̀ bojú wẹ̀yìn wo kọmití rẹ̀. Kọmití ń wolẹ̀. Ẹni tó gbé fèrè ńlá dání béèrè pé, "Ṣé ká máa fọn ún lọ ni, àbí ká dúró?" Àwọn ọmọdé Zongo ní kó máa fọn ún lọ, wọ́n ti ń jó ní tiwọn. Kí á tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ti dé ìdí òdòdó òkú. Wọ́n jẹ ẹ́ mọ́ tónítóní, ó ku ọ̀já aláwọ̀ elésè àlùkò tí wọ́n kọ "A ò ní gbàgbé rẹ láé" sí.

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Ìyá Húsnà ìbá rẹ́rìn-ín jù mí lọ, torí ẹlẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, kò sì tíì rọ̀ dòní.

Torí kí ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí? Kúlúsúmù Sàrúmì lorúkọ rẹ̀ gan-an, òun sì ni olórí ilé ìrànlọ́wọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ onílẹ̀: Bàrìbá, Fúlàní, Dẹ́ńdì, àwọn tó ti abúlé tí ẹnikẹ́ni kò ti wọ yunifásítì rí wá. Àwọn baba wọn ló ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ yunifásítì lé, síbẹ̀ wọ́n débẹ̀ tán, wọ́n di àlejò. Ìyá Húsnà ló ń sọ fún àwọn ọmọ náà bí yunifásítì ṣe ń ṣe, òun náà ló ń sọ fún yunifásítì bí àwọn èèyàn ibí ṣe ń ṣe. Òun nìkan ṣoṣo. Nígbà tí òun wá kú, wọn ò rí ẹnì kankan bi bí wọ́n ṣe ń sin Mùsùlùmí ní Zongo! Àbí ẹ rí irú èyí rí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Wọ̀rú fún yín. Ọmọ Bàrìbá ni, láti ẹ̀yìn Nikki. Lọ́jọ́ tó fẹ́ gbèjà ìwé ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó dorí kodò. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní, "Ẹ wò ó, ó ti ń bẹ̀bẹ̀! Ẹni tó mọ̀wé kì í bẹ̀bẹ̀." Èkejì ní bóyá inú ń run ún. Ìyá Húsnà dìde láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, kíkí ló ń kí yín. Àgbà lẹ jẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ dá a lóhùn kó lè dìde. Bí ẹ ò bá dá a lóhùn, ibẹ̀ ni gbogbo wa yóò sùn."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ní, "Ẹ ǹlẹ́," bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ̀rú dìde, ó sì dáhùn ìbéèrè wọn débi pé àwọn gan-an ni wọ́n ń wá ìwé yẹ̀ wò. Ó ti di olùkọ́ ní àdúgbò Ladjifarani, ní Parakou níbí, báyìí.

Kò tán síbẹ̀. Baba Wọ̀rú fi awó méjì ránṣẹ́, láàyè, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n figbe ta pé rìbá ni. Níbi tí wọ́n ti ń jiyàn, awó já okùn, wọ́n wọ ànfí, yàrá ńlá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Ìyá Húsnà ṣí gèlè, ó fi ń lé wọn lórí àga, ó ń pariwo pé, "Ẹ ti ilẹ̀kùn! Ẹ ti ilẹ̀kùn!" Ó mú wọn, ó sè wọ́n, ó ní kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá jẹun nílé òun. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fọ́ egungun. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rìbá.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ibo ni wọ́n fi sí? Ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá. Bí o bá ń wá bùró rẹ̀, ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́, máa tẹ̀lé imú rẹ lọ, o ò ní ṣìnà. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun ní igbákejì kan péré. Wọ́n ní, "A ó wò ó." Dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó sinmi. Ó tún padà lọ bẹ̀ wọ́n. "A ó wò ó." Kí ni wọ́n ń wò? Ṣé sinimá ni? Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n rí ààyè ṣe omi tó ń tú sókè síwájú ọ́fíìsì Rẹ́tọ̀. Omi náà kò tú rí. Àkèré ló ń gbé ibẹ̀.

Èmi aládùúgbò rẹ̀ ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó wá jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ó wò mí. "Ta ni kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún?" Ọ̀ràn Bàké, àbúrò Wọ̀rú, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Bàké ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí yóò ti abúlé wọn wọ yunifásítì. Baba rẹ̀ kò fẹ́, ẹ̀rù ìlú ńlá ń bà á. Ìyá Húsnà lọ bá a jókòó, ó bá a jẹun, ó tún padà lọ, títí baba fi ní, "Ojú rẹ ni mo rí. Ìwọ ni mo fi í lé lọ́wọ́."

Ó dáa. Ẹ padà sábẹ́ àtíbàbà wa ní Zongo, níbi tí Rẹ́tọ̀ ti jẹ màsà mẹ́ta tó sì rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ó ní láti fi bọlá fún Màdáámù, yunifásítì yóò sọ bùró rẹ̀ di yàrá ìrántí. Wọn yóò gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ògiri, wọn yóò ti ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́ láé. Kọmití pàtẹ́wọ́. Wọ̀rú, tó wá bá wa ṣọ̀fọ̀, dìde, ó fọwọ́ kọ́ ẹ̀yìn. "Baba, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Rẹ́tọ̀ nu ẹnu. "A ó wò ó."

Háà! Ẹ pa olórí iṣẹ́ sẹ́nu iṣẹ́, ẹ wá pa iṣẹ́ náà tì í, ẹ ní ọlá lẹ bù fún un? Ta ló ní kí àwòrán máa gbàlejò? Mo bi yín ní gbangba, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham: ta ló gba ẹ̀bẹ̀ obìnrin yìí tó fi jókòó lé e? Kí onítọ̀hún jáde wá, kó sọ tẹnu rẹ̀ lójú gbogbo Parakou. Ẹ ṣí bùró náà. Ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá. Ẹ fi èèyàn tó gbọ́ Bàrìbá àti Fúlàní síbẹ̀, kí ẹ sì fún un ní igbákejì, kí ẹ má tún pa ẹlòmíràn.

Oṣù tó ń bọ̀ ni ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Baba Bàké ti gbọ́ ikú yìí. Ó rán Wọ̀rú sí mi lánàá pé òun ò fi ọmọ òun lé ilé lọ́wọ́, èèyàn lòun fi í lé lọ́wọ́, kí n sọ orúkọ ẹni náà fún òun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Bàké kò ní kúrò nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham, orúkọ ta ni kí n dá fún un?