Òkúta Inú Òróòro Mi, Nígbà Tí Mò Ń Se Mílíìkì Kọfí

Ọ̀sán Sátidé kan ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Mo dúró nídìí sítóòfù nínú ilé wa ní Moss Side, nílùú òyìnbó, mò ń ro mílíìkì kọfí. Mo ti fi ṣíbí tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bu ìdajì ife mu nítorí pé mi ò tíì jẹun láti àárọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mí. Ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ egungun ìhà mi lápá ọ̀tún, bí ẹni pé ẹnìkan ki àtàǹpàkò bọ ibẹ̀ tó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀yìn, ó dé abẹ́ èjìká. Mo pa iná, mo jókòó sílẹ̀ nínú kíṣíìnì. Mi ò lè dùbúlẹ̀, mi ò lè nàró. Ó tó wákàtí méjì kó tó fi mí sílẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo dìde, mo rọ mílíìkì sínú ìgò, mo sì fọ ìkòkò bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé mílíìkì yìí. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe ní pápákọ̀ òfurufú nígbà náà. Kọfí tí àwa òṣìṣẹ́ ń mu ní yàrá ìsinmi korò bí ewúro, mílíìkì tútù lásán kò sì ràn án lọ́wọ́. Mo wá máa ń ṣe tèmi nílé. Mílíìkì inú agolo ni, pẹ̀lú kíríìmù tó ki dáadáa, ṣúgà pupa, atalẹ̀ gígún, kànáfùrù méjì mẹ́ta, igi sínámọ́nì kan, àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí mo bá rin sórí rẹ̀. Iná kékeré ni wọ́n ń lò fún un. Kò gbọdọ̀ hó. Tó bá tutù, màá sẹ́ ẹ, màá rọ ọ́ sínú ìgò, màá gbé e sínú fíríìjì. Tí ewé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lẹ́bàá Princess Road, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ti máa bi mí bóyá mílíìkì ti dé. Ní ibi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í wo ojú wa, inú mi máa ń dùn pé àwọn èèyàn ń retí nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dá a dúró. Ìrora náà padà wá ní Sátidé kejì, ó tún wá lẹ́yìn tí a jẹ dòdò. Mo bá ní kí Dúpẹ́, ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, máa bá mi tọ́ ọ wò. Mo sọ fún un pé ahọ́n rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Mi ò sọ fún bàbá rẹ̀ rárá. Ọkọ mi ń parí ìwé ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn sì ti fún un níṣẹ́. Oṣù kìíní ni wọ́n ń retí rẹ̀. Ọdún mẹ́fà la ti ń sọ pé à ń lọ sílé. Àpótí méjì ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, a ti kó ìwé kún ọ̀kan. Èmi kọ́ ni yóò fi ikùn dá wa dúró.

Mo dá lọ rí dókítà àdúgbò. Mo jókòó láàárín àwọn ọmọdé tó ń húkọ́ àti àwọn àgbàlagbà tí kò bára wọn sọ̀rọ̀, mo ń ka ìwé kan náà tó wà lára ògiri léraléra. Dókítà tẹ ikùn mi, ó ní oúnjẹ ni kò dà, ó fún mi ní oògùn olómi funfun kan tó dà bí ẹfun. Mi ò dá a lẹ́bi tán. Ọjọ́ tí kò dùn mí ni mo lọ, mi ò sì sọ fún un pé ẹ̀yìn ìgbà tí mo bá jẹ ọ̀rá ló máa ń wá, nítorí pé èmi gan-an kò tíì so ó pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Sìkírá ló so ó pọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ju mí lọ ní ọdún mẹ́wàá, bọ́ọ̀sì kan náà là ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó rí mi tí mo tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó, tí mo di ìhà mú.

"Ìyá Dúpẹ́, kí lo jẹ?"

"Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi. Kọfí ni mo mu."

"Pẹ̀lú mílíìkì rẹ yẹn? Padà sọ́dọ̀ dókítà. Sọ fún un pé ọ̀rá ni. Má tún lọ máa rẹ́rìn-ín fún un o."

Mo padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ní kí n lọ ṣe sikáànù ní ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró de lẹ́tà. Ẹni tó ṣe é fi nǹkan tútù kan pa ikùn mi, ó ń fa irin kékeré kan kiri lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń rán ìró tí etí kò lè gbọ́ wọ inú ara, ìró yẹn á sì padà di àwòrán. Kì í dunni. Òkúta ni wọ́n rí.

Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí, kí ẹni tó bá ṣe lè mọ̀. Òróòro jẹ́ àpò kékeré lábẹ́ ẹ̀dọ̀. Ó ń tọ́jú omi kíkorò tó ń bá wa da ọ̀rá. Tí a bá jẹ ọ̀rá, àpò náà á fún ara rẹ̀ kí omi náà lè tú jáde. Nígbà mìíràn omi yẹn á dì, á di òkúta. Tí àpò bá wá fún ara rẹ̀, òkúta á dí ojú ọ̀nà, ìyẹn ló ń fa ìrora. Kì í ṣe mílíìkì mi ló dá òkúta sílẹ̀. Ó kàn ń jí i ni. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni yóò yọ ọ́, àmọ́ èrò pọ̀, ó lè tó oṣù mẹ́jọ kó tó kàn mí. Mo fi lẹ́tà tí wọ́n kọ ọ́ sí sábẹ́ aṣọ. Mo sọ fún ara mi pé Ìbàdàn náà ní dókítà.

Ó rẹ̀ mí ní oṣù yẹn. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́, mo mọ tiẹ̀ tẹ́lẹ̀. Korobá tí mò ń fi ọwọ́ kan gbé, mo wá ń fi ọwọ́ méjì wọ́ ọ nílẹ̀. Ara ń yún mi láìsí èélá. Ìtọ̀ mi dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì, ìgbẹ́ mi sì funfun. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì ń ka iye ọ̀sẹ̀ tó kù ká wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Dúpẹ́ ń dé ìgò mílíìkì nínú kíṣíìnì. Ó gbójú sókè wò mí, ó sì dúró.

"Mọ́mì, kí ló ṣe ojú yín? It's gone yellow. Dádì! Ẹ wá wo ojú Mọ́mì!"

Ọkọ mi wá, ó gbá orí mi mú lẹ́bàá fèrèsé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni òtútù mú mi, mo ń gbọ̀n débi pé eyín mi ń lu ara wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ọsibítù ló gbé mi jáde nílé. Òkúta kan ti bọ́ láti inú àpò, ó ti dí ojú ọ̀nà omi òróòro pátápátá. Omi náà wá ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló fa ibà pọ́njú. Kòkòrò àrùn sì ti wọ ibẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò ga, sọ fún ọkọ mi pé ká ní a fi ọjọ́ méjì pẹ́ sí i, òun kì bá lè ṣèlérí nǹkan kan.

Ibi tí wọ́n ti ń wá káàdì mi ni ọkọ mi ti gbọ́ nípa sikáànù náà. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Àbẹ̀ní, ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ó ti tó oṣù kan."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Iṣẹ́ yín ni. Oṣù kìíní ni wọ́n ní."

Ó bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mi ò tíì rí i kó sunkún rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Ó ní, "Ṣé èmi àti Dúpẹ́ nìkan ni kó wá lọ sílé? Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Ó dìde, ó lọ kọ lẹ́tà pé òun kò lè wá.

Wọ́n fi oògùn kun mí lóorun, wọ́n là mí lábẹ́ ìhà, wọ́n yọ àpò náà, òkúta inú rẹ̀, àti èyí tó dí ojú ọ̀nà. Nígbà tí mo jí, ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ, rọ́bà kan sì jáde láti ẹ̀gbẹ́ mi sínú àpò kan tí omi àwọ̀ ewé ń sun sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín, ó dùn mí gan-an. Ikọ́ ló burú jù. Nọ́ọ̀sì kan kọ́ mi láti di ìrọ̀rí mọ́ ojú ọgbẹ́ kí n tó húkọ́. Ọjọ́ kẹta, Ẹ̀gbọ́n Sìkírá gbé ìgò kan dé, ó ti fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti se mílíìkì náà.

"Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní kí n kí ọ. Tọ́ ọ wò, sọ ohun tí mo gbàgbé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an. Wọn ò gbà mí láàyè ọ̀rá."

Ó wo ìgò, ó wò mí, ó ní, "Yéè! Èmi kan náà tí mo sọ pé ọ̀rá ni!" Mo rẹ́rìn-ín, ojú ọgbẹ́ fà mí, omijé bọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ló mu ún. Wọ́n ní ó dùn, mo sì mọ̀ láti inú òórùn rẹ̀ pé kànáfùrù ti pọ̀ jù.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo lò níbẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó lè gbé korobá. Ọkọ mi ń se ọbẹ̀ tí kò ní òróró, kò dùn, mo sì ń jẹ ẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn fún ẹlòmíràn níṣẹ́. Ọdún méjì àtààbọ̀ ló kọjá kí ọkọ mi tó rí òmíràn, kò sì fi dá mi lẹ́bi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìbàdàn ni mo ti ń kọ èyí. Mo ń jẹ ohun tó wù mí, níwọ̀nba. Ara ń rìn láìsí àpò òróòro, ẹ̀dọ̀ á máa da omi rẹ̀ tààrà sínú ìfun. Ó ń yà mí lẹ́nu síbẹ̀, pé wọ́n mú nǹkan kan kúrò nínú mi, ìyókù sì tún iṣẹ́ náà pín láàárín ara wọn láì béèrè lọ́wọ́ mi. Oṣù mélòó kan ni ara yìí fi bá mi sọ̀rọ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo ní fún un ni pé kó dúró ná. Kò bínú sí mi. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ láàárọ̀, àpá náà máa ń yún mi. Màá gbé ọwọ́ lé e lórí aṣọ. Ọkọ mi á bi mí bóyá ó ń dùn mí, màá sì sọ òótọ́ fún un.