Ọjọ́ tí Ọkọ̀ Ọlọ́pàá Dé sí Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìwé Wa

Olùkọ́ kíláàsì kẹta ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlọrin. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ òkùnkùn méjì ló ń bá ara wọn jà ní àdúgbò wa. Èwo nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ̀ títí dòní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí wọ́n bá ti pa ẹnì kan níbí, ká máa retí òkú mìíràn lọ́hùn-ún, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì máa ń gun ọ̀kadà wá, pẹ̀lú àáké lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi eré wọlé ni ọkùnrin kan fo fẹ́ǹsì sínú ọgbà wa. Àwọn mẹ́rin ń lé e bọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi tábìlì dí i, mo ní kí àwọn ọmọ sùn sílẹ̀, mo wá pe tésàn.

“Mà, a ti gbọ́,” ni ọlọ́pàá tó gbé fóònù sọ. “Ọkọ̀ wa ò ṣiṣẹ́. À ń wá ọ̀kadà.”

Mo rò pé mo ṣì í gbọ́ ni. Kí méjì nínú wọn tó gun ọ̀kadà kan dé, wọ́n ti ṣá ọkùnrin yẹn lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ti lọ. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kò kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò padà sí kíláàsì mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo múra ìjà lọ bá ọ̀gá tésàn. Kò bá mi jà. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó fi ọkọ̀ náà hàn mí. Koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká. Ó ní òun ti kọ lẹ́tà sókè títí, kò sí èsì, àwọn tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án kò tó nǹkan.

“Àǹtí, èmi náà ní ọmọ nílé ìwé,” ló fi kún un. Mi ò mọ ibi tí màá gbé ìbínú mi sí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì nítòsí Ọ̀fà Garage. Nígbà tí mo ro ẹjọ́ náà fún un, ojú rẹ̀ le.

“Ọlọ́pàá tó tì mí mọ́lé ọjọ́ méjì láìṣẹ̀ ni kí n lọ tún ọkọ̀ ṣe fún?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe àwọn wọ̀nyí ló tì yín mọ́lé.”

“Ṣé wọ́n máa ń yàtọ̀ síra wọn ni?”

Mo ṣáà bẹ̀ ẹ́ kó wá wo kíláàsì mi. Ó wá. Bí ọmọbìnrin kan ṣe rí ọkùnrin tí kò mọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ṣe ló kó sábẹ́ bẹ́ǹṣì, tó ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi yí padà, ó jáde. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti wà lábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pàá.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ṣe é. Òbí kan mú bátìrì wá, òmíràn mú táyà. Alfa mọ́sálásí wa àti pásítọ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọjú sí i jọ lọ bá àwọn àgbà ìlú, kí wọ́n bá wa bẹ ìjọba. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọlọ́pàá díẹ̀ kún àwọn tó wà ní tésàn.

Ìdánwò là ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí mo tún gbọ́ ọ̀kadà àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn. Wọ́n dúró sẹ́yìn fẹ́ǹsì, wọ́n ń dènà de ẹnì kan. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tún pe tésàn.

“À ń bọ̀, mà.”

Àwọn ọmọ sùn sílẹ̀. Mo ń ka Fátíà sínú, mi ò mọ iye ìgbà tí mo kà á, títí mo fi gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan kígbe pé, “Ẹ lè ṣílẹ̀kùn o! Ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n!”

Mo jáde síta. Márùn-ún ni wọ́n, wọ́n jókòó sílẹ̀, kò sẹ́wù lọ́rùn wọn. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ọ̀kan wò mí, ó sì gbójú sílẹ̀ kíá. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ kíláàsì kìíní. Ìyẹn dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. “Ọkọ̀ yẹn dìde?”

“Ó dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Ó yá ju bí mo ṣe rò lọ.”

“Alihamudulilai,” ló wí.

Nígbà tí mo padà wọ kíláàsì, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè: “Àǹtí, ṣé ẹ máa fún wa ní àsìkò sí i?” Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di omijé, àwọn ọmọ náà ń bá mi rẹ́rìn-ín. Mo fún wọn ní àsìkò tó pọ̀. Nígbà tí mo délé, mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní láìbọ́ aṣọ. Oorun tí mi ò rí sùn láti oṣù mélòó kan gbé mi lọ, títí wọ́n fi pe ìrun alásárì.