Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò Nínú Kọ̀ǹpútà Mi

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba agbára lọ́wọ́ àwọn ológun nígbà náà, gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé nǹkan máa dẹrùn. Nínú ilé tiwa ní Agége, ohun kan ṣoṣo tó jọ ìdẹ̀rùn ni kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí bàbá mi rà fún mi nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ ní pọ́lì. Akọ̀wé ìjọba ni wọ́n ní Aláúsá, ọmọ Èkìtì tó gbà pé kò sí ohun tí ìwé ò lè ṣe. Màmá mi fi aṣọ léèsì funfun bo kọ̀ǹpútà náà nínú pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá wọlé wa ní láti kọ́kọ́ bá wa yọ̀ lórí rẹ̀ kó tó rí omi mu.

Iṣẹ́ ni mò ń wá. Mo ti wá a débi pé inú máa ń bí mi sí ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé, "Ṣé o ti ríṣẹ́?" Onínúfùfù ni mí, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe korobá àti kẹ́ẹ̀gì oníke ní Agídíǹgbí ní kí n wá. Ọ̀gá tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó so táì mọ́ ọrùn, ó ń fi bírò lu tábìlì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ní ètò kan lórí kọ̀ǹpútà tó ń ka iye korobá tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ti lọ sókè òkun. Ó fẹ́ kí n fi ojú ewé kan kún un, tí yóò máa fi iye àwọn tó bàjẹ́ hàn, àwọn tí wọ́n máa ń yọ́ padà.

"Mú un wá ní Mọ́ńdè," ó ní. "Tó bá ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wa níbí, iṣẹ́ ti di tìẹ nìyẹn. Tí ò bá ṣiṣẹ́, mo ní ẹlòmíràn nílẹ̀ tí mo máa pè."

Ó kó ètò náà sí díìsìkì kan fún mi. Mo gbé e lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin.

Java ni wọ́n fi kọ ètò náà. Ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí mi ò rò ni pé Java àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò ní ilé iṣẹ́ yẹn, Java tuntun ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Nígbà tí mo ní kó ṣí ètò náà, ó kọ̀ jálẹ̀. Àwọn tó ṣe tuntun ti kó àwọn ohun tí ojú ń rí, bọ́tìnì àti fèrèsé àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ètò wọn ń wá wọn kiri níbi àtijọ́, kò sì bá wọn níbẹ̀.

Mo lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ọ̀tígbà, Ìkẹjà, mo wá sídì Java àtijọ́ kàn láàárín àwọn sídì tí wọ́n tò sórí tábìlì lẹ́bàá títì. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá pe àtijọ́, tuntun ló ń dáhùn. Mo yí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà wá wọn padà, mo pa á, mo tún tàn án, tuntun náà ló tún dáhùn. Mo bú u bí ẹni ń bú ọmọ alágídí, màmá mi sì pariwo láti ìdí ààrò pé kí n má ṣépè fún ohun tí bàbá mi làágùn kí wọ́n tó rà. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti bú u tó ni mo rí i pé tuntun ti fi ẹ̀dà ara rẹ̀ kan pamọ́ síbi tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ yà sí kó tó wo ibòmíràn. Mo lé e kúrò níbẹ̀. Mo wá kọ fáìlì kékeré méjì, mo pe ọ̀kan ní egbon, mo pe èkejì ní aburo. Bí mo bá tẹ egbon, àtijọ́ á jáde wá ṣiṣẹ́. Bí mo bá tẹ aburo, tuntun á gbapò.

Inú mi dùn débi pé mo pe bàbá mi wá wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n ló dáhùn yìí?" wọ́n bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

"Àbúrò ò sì bínú?"

"Kò bínú, sà. Ó ń dúró kí n pe òun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ká ní wọ́n lè fi irú rẹ̀ sínú ẹbí àwọn ní Èkìtì, ìjà ì bá ti dín kù.

Egbon ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà títí mo fi parí rẹ̀, ó sì dára. Nígbà tó fi máa di Sátidé, kò sí ohun tó kù ju kí n kó o sí díìsìkì lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tuntun tó ń jáde nílé wa láìgba àdúrà. Bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bàbá mi kó pásítọ̀ àti àwọn àgbà ìjọ tẹ̀lé wa wálé. Wọ́n kún pálọ̀ pẹ̀lú gèlè àti fìlà. Bàbá mi ṣí léèsì kúrò lórí kọ̀ǹpútà fúnra wọn, wọ́n ní, "Ó yá, fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ hàn wọ́n."

Ètò tí egbon ń ṣí kò dùn-ún wò. Ó rí jákujàku, àwọ̀ eérú ló ní látòkè délẹ̀. Ṣé irú èyí ni màá gbé síwájú àlejò? A kì í fi abọ́ tó ti sán fún àlejò lóúnjẹ nílé wa. Mo tẹ aburo, mo yí àwọn ìlà tó wà lókè ètò náà padà kó lè bá tuntun mu, gbogbo rẹ̀ sì jáde ní àwọ̀ búlúù, bọ́tìnì ń dán. Àwọn àgbà ìjọ pariwo ńlá. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ orin. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́, orí mi wú.

Pásítọ̀ bi mí pé èwo ni mo máa mú lọ nínú gbogbo rẹ̀. Lójú wọn níbẹ̀ ni mo ti kó o sí díìsìkì, mo sì fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n gbàdúrà gígùn lé e lórí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ òróró, mo pariwo pé, "Ẹ má fi òróró kàn án, sà!" Ohùn mi lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, bàbá mi sì fi ojú bá mi wí. Bàbá mi gba díìsìkì náà, wọ́n fi áńkáṣíìfù funfun wé e, wọ́n tì í sáàárín Bíbélì wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkàn mi ń sọ fún mi pé kí n tún un wò. Ariwo àti orin ti gbé e kúrò lórí mi pé aburo ni mo lò kẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ wa ní pọ́lì pé iṣẹ́ tí a kò bá tún wò kò tíì parí. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá mi. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé mo fẹ́ tú ohun tí pásítọ̀ ti gbàdúrà sí, bóyá kí n pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ kí n tún un kọ? Wọ́n á ní mi ò nígbàgbọ́. Mo padà sẹ́yìn.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo bá bàbá mi nínú agbádá. Wọ́n ti gbàyè níbi iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní níbi tí wọ́n ti bí àwọn, bàbá ló máa ń fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Dádì, kì í ṣe iṣẹ́ télọ̀ ni mo fẹ́ lọ kọ́. Mo ti jáde ní pọ́lì."

"Ta ló bí ẹni tó jáde ní pọ́lì?"

A jọ jáde nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò ní Agídíǹgbí, mo yára rìn síwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé lọ fún iṣẹ́ àárọ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi àti bàbá alágbádá yẹn la jọ wá. Mò ń gbọ́ bí bàtà wọn ṣe ń lu ilẹ̀ lẹ́yìn mi. Mi ò dúró.

Ọ̀gá náà dìde nígbà tó rí bàbá mi, ó tẹrí ba, ó gbé àga fún wọn. Bàbá mi ò jókòó. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọmọ mi nìyí. Mo fà á lé yín lọ́wọ́." Àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó wà níbẹ̀ wo ara wọn. Ara mi ń gbóná, mo gba díìsìkì lọ́wọ́ bàbá mi, mo sáré kì í bọ inú kọ̀ǹpútà kí ọ̀rọ̀ náà lè tètè tán.

Ojú ewé dúdú kan yọ, ìlà funfun méjì sì jáde lórí rẹ̀. Ó ní òun ò rí ohun tí òun ń wá. Mo tún un ṣe. Ó tún sọ ohun kan náà. Ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo rẹ̀ padà sórí mi, àwọ̀ búlúù, orin, àti àwọn ìlà tí mo yí padà nítorí àlejò.

Ọ̀gá náà tẹ̀ síwájú, ó wò ó. "Java tuntun lo fi ṣe é," ó ní. "Ṣebí mo sọ pé lórí kọ̀ǹpútà tiwa?"

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yẹn fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Ọ̀gá náà yọ díìsìkì, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ẹ máa bínú, bàbá," ó ní. "Màá pe ẹnì kejì ni."

Bàbá mi ò mọ ohun tí kọ̀ǹpútà sọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí ọ̀gá sọ. Wọ́n ká agbádá wọn sókè. Mo rò pé wọ́n fẹ́ máa lọ ni. Bí mo ṣe gbójú sókè, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Fìlà wọn bọ́, mo rí gbogbo ewú orí wọn. Níwájú ọmọdékùnrin tí wọ́n lè bí!

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Ẹ ṣàánú ọmọ mi."

"Háà! Bàbá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, ẹ dákun, ẹ dìde!" Ọ̀gá náà fo kúrò nídìí tábìlì. Nígbà tí bàbá mi ò dìde, òun náà dọ̀bálẹ̀ tòun ti táì. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, wọ́n dojú kọ ara wọn, wọ́n jọ ń bẹ ara wọn. Èmi tó yẹ kí n kúnlẹ̀, èmi ni mo dúró gbagidi, díìsìkì lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí débi pé mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀.

Ọ̀gá náà ní kí n lọ tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí n padà kí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ní àwọn á dúró dè mí níbẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lọ síbi iṣẹ́ wọn, wọ́n kọ̀. Mo gun ọ̀kadà délé. Ọlọ́run ṣe é, iná wà. Mo tẹ egbon, mo dá àwọn ìlà náà padà sí bí wọ́n ṣe wà, mo dán an wò, mo tún un dán wò. Mo wá tún un kó sí díìsìkì.

Nígbà tí mo padà, bàbá mi wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́dẹ, wọ́n jókòó bí ìwọ̀fà. Ètò náà ṣí wẹ́rẹ́. Ọ̀gá náà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní, "Ó dáa. Máa bọ̀ lọ́la." Kò wo ojú mi. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò, níbi tí bàbá mi wà.

Mo pẹ́ níbi iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀gá yẹn yìn mí, inú mi kì í sì í dùn sí i, nítorí mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ètò tí mo kọ ló gbà mí fún tàbí àyà bàbá mi tó wà nílẹ̀. Mi ò bi í rí. Ẹ̀rù ohun tó máa sọ ń bà mí.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni mo bá rìn títí a fi dé ibùdókọ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Dádì." Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ mọ́tò.

Màmá mi fi orin pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo ti ríṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí iwájú agbádá bàbá mi, tí eruku ilé iṣẹ́ ike ti sọ di funfun láti ọrùn dé ìsàlẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, kí ló dé tí aṣọ yín rí báyìí?"

"Ògiri ni mo fara tì," bàbá mi sọ, wọ́n sì kọjá lọ sínú yàrá.

Màmá mi yíjú sí mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ògiri wọn ò mọ́.