Táyà Bùọ̀dá Ẹlẹ́sẹ̀ẹfun

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo ń kọ yìí, kì í sì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo mọ orúkọ gbogbo ọmọ agboolé wa, òkú àti alààyè. Ìyàwó mi ni kì í pè wọ́n, ìdí nìyẹn tí èmi náà kò fi ní pè wọ́n.

Nílé wa ní Igbó-Ọrà, ìyàwó kì í dárúkọ ẹni tó bá bá nílé. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá kí ìyàwó tó wọlé lónìí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni. Ìyàwó ní láti wá orúkọ mìíràn fún un. Bí tèmi ṣe sọ àbúrò mi obìnrin tó ga di Agùntáṣọọ́lò nìyẹn. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan sì wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá nígbà náà, ó sọ ọ́ di Alátẹ́gùn, nítorí ohun tí ọmọ náà máa ń ṣe láàárín èrò tí àwọn àgbà fi ń dimú. Nígbà tí ó dàgbà, ó di fọkanáísà, ó ń lẹ táyà, ó ń fún un ní atẹ́gùn lẹ́bàá ọ̀nà. Ó wá ń sọ fún àwọn oníbàárà pé iṣẹ́ òun ló bí orúkọ òun. Àwa tí a bí i mọ̀ pé irọ́ ni.

Mo ti ní ọkọ̀ ìjàpá mi, èyí tó rí rìbìtì bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, kí n tó gbé ìyàwó. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn náà. Táyà ọkọ̀ yìí ní òbìrí funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, ló bá sọ ọ́ ní Bùọ̀dá Ẹlẹ́sẹ̀ẹfun. Láàárọ̀, yóò tẹ orúnkún díẹ̀ níwájú rẹ̀: "Bùọ̀dá, ẹ kú ojúmọ́. Ṣé ẹ ó gbéra lónìí, àbí ara tún ń ro yín?"

Nígbà tí àwọn táyà yẹn jẹ tán, a wá irú wọn títí, a kò rí. Dúdú lásán ni mo ń rà. Ó ní ta ló gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun.

Nígbà tí ọdún kan ikú ìyàwó mi ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ránṣẹ́ pé abà bàbá àwọn, lẹ́yìn Lánlátẹ̀, ni ká ti ṣe àdúrà. Mo rò ó wò. Bùọ̀dá ló gbé e kúrò lábà yẹn lọ́jọ́ ìyàwó. Òun náà ló yẹ kó lọ jíṣẹ́ fún wọn, bó sì ṣe rí lọ́jọ́ náà ló yẹ kó rí. Mo pinnu pé bí n kò bá rí táyà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, ọ̀kadà ni n ó gùn lọ.

Mo lọ bá Alátẹ́gùn, mo ní táyà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun ni mo ń wá.

"Bàbá, ta ni omidan náà?"

"Omidan wo?"

"Arúgbó kì í ṣàdédé wá bàtà funfun fún ọkọ̀. Ṣé Èrúwà ni, àbí Tápà?"

"Ìyàwó mi ni mo ń lọ ṣàdúrà fún."

Ó gbé irin tó fi ń ṣí táyà, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kun èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́dà."

Ó kun ọ̀kan, mo sì wà á lọ sí ọ̀nà Ìdèrè. Kí n tó dé ibẹ̀, ọ̀dà ti ń bọ́. Táyà rí bí ẹnu ọmọ tó jí ẹ̀kọ mu. Alátẹ́gùn wò ó, ó ní, "Bàbá, ó ti ń pa awọ dà."

Ìbàdàn ló kù. Èmi, Alátẹ́gùn àti ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Èrúwà la jọ lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta táyà ọkọ̀ àtijọ́. Ọkùnrin náà gbé ọ̀kan jáde láti inú òkùnkùn ìsọ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún. Funfun rẹ̀ ń tàn, mo tiẹ̀ gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń dùn mí.

"Ojúlówó ayé àtijọ́ nìyí, Bàbá. Wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́."

Alátẹ́gùn gbà á, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọnú. Rọ́bà náà sán yẹ́ẹ́rẹ́yẹ́ẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Òótọ́ ni, ojúlówó ayé àtijọ́ ni," ó ní. "Bàbá, ojúlówó ayé àtijọ́ ni ẹ̀yin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré dé títì yẹn kí n wò."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní jẹ́jẹ́ ni n ó máa wà á.

Ọmọ mi nu ojú rẹ̀. "Bàbá, àdúrà ẹni kan la ń lọ ṣe. Ẹ má sọ ọ́ di ẹni méjì."

Mo dá táyà padà fún ọkùnrin náà. Nígbà tó rí i pé ọjà ń bọ́, ó rántí pé òun ní tuntun tí wọ́n ṣe ní ojú ti àtijọ́. Oríṣi méjì ni: ọ̀kan ní funfun tó fẹ̀, èkejì ní tóóró. Ó ń yin èyí tó fẹ̀, pé òun ni ti àwọn ọlọ́lá. Èmi ò rántí èyí tó jẹ́ tiwa mọ́. Mo di ojú. Ohun tí mo rí ni ọwọ́ ìyàwó mi, pẹ̀lú kànrìnkàn, ní àárọ̀ Jímọ̀ tó ń fọ ẹsẹ̀ Bùọ̀dá. Ìka mẹ́ta ló bo funfun yẹn, ìka kékeré a máa yọ sórí dúdú.

Mo gbé ìka tèmi lé e. Ọkọ́ ti sọ ọ́ di ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ti tóbi jù láti fi wọ̀n ọ́n.

Ọmọ mi sún mọ́ táyà náà. Ó na ọwọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni, tó fi dórí ìka kékeré tó wọ́ díẹ̀. Ó gbé e lé tóóró, ìka mẹ́ta bò ó gẹ́lẹ́.

"Èyí ni," mo wí.

"Ṣé ìka lẹ fi ń wọn táyà ní Ìbàràpá?" ọlọ́jà bi wá.

"Ìyàwó ilé wa ló fi ń wọ̀n ọ́n," Alátẹ́gùn dáhùn. "Di mẹ́rin fún wa."

Lọ́jọ́ àdúrà, Bùọ̀dá rìn dáadáa títí a fi kọjá Lánlátẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀dà títì ti parí. Òjò ti rọ̀ lánàá, ẹrẹ̀ pupa sì ń dúró dè wá. Nígbà tí a dé abà, kò sí funfun kankan lára táyà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fi ọ̀pá tẹlẹ̀ jáde. "Ọkọ wa, ẹ káàbọ̀. Mo gbọ́ pé Ìbàdàn lẹ ti ra táyà. Ṣé pupa ni wọ́n tà fún yín?"

Mo ní kí wọ́n fún mi lómi. Wọ́n gbé bútà wá. Mo lóṣòó síbi táyà iwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí i.

"Ẹsẹ̀ tiyín ni kí ẹ fọ̀! Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ ti ẹni tó wá gbé àbúrò yín lọ́jọ́ ìyàwó."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó ké pe ẹnì kan pé kó gbé kànrìnkàn àti omi púpọ̀ wá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, títí ó fi jókòó ti táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń fọ apá kan, mo ń fọ apá kan. Funfun yọ.

"Bẹ́ẹ̀ ló rí," ó wí. "Mo bú yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò gbọ́."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní, ẹ wo olè tó wọ bàtà funfun."

Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Tèmi náà ń bọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà kí àwa méjèèjì tó lè dìde, ìdí táyà náà la sì ti ń ṣe àmín.