Ẹyin Òṣìṣẹ́

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo kọ́kọ́ sọ èyí ná, nítorí pé bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ lóṣù mélòó kan sẹ́yìn tí ẹ béèrè rẹ̀, ohun tí wọn ì bá sọ fún yín ni pé ọ̀lẹ ni. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, tó ń wọṣọ fún wọn, tó ń gbé wọn láti orí ibùsùn sórí àga. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òun sábà máa ń dé, tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí kò ní tíì fi nǹkan kan kan ẹnu.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi gbàdúrà fún un pé kí Olúwa máa jí i. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, ògiri kan ló sì wà láàárín yàrá mi àti ilé ìdáná wọn, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Olúwa ń jí i. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ń jí i, kò yẹ̀ ẹ́ rí. Ọkọ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó lọ.

Ọkọ rẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi, akunlé ni, díákónì sì ni. Èèyàn dáadáa ni. Kò na obìnrin rí, kò mutí rí. Àmọ́ ẹyin díndín àárọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná, kí àlùbọ́sà rẹ̀ pọ̀, kó má sì jóná létí. Ọmọ wọn àgbà, obìnrin, kò fẹ́ rí àlùbọ́sà sójú. Àbúrò rẹ̀ ní òun kò fẹ́ ibi funfun, ibi pupa nìkan ni kí wọ́n dín fún òun. Báyìí ni ìyàwó wa ṣe ń dín ẹyin lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, lẹ́yìn àdúrà ìdílé, èyí tí kì í gùn púpọ̀ àfi lọ́jọ́ tí Ẹ̀mí bá bà lé ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀mí sì máa ń tètè bà lé e lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò bá ní ilé tó fẹ́ lọ kùn.

Ìwé ìkìlọ̀ kìíní dé. Ìkejì tẹ̀ lé e. Mátírọ́nì, ọ̀gá wọn, wá pè é.

"Ìyá," ó ní, "mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ ni kì í bá ọwọ́ rẹ dé. Tí o bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré kí oṣù yìí tó parí, mi ò ní kọ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ o. Ìwé ó-dàbọ̀ ni màá kọ."

Oṣù ọ̀hún ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní Sátidé, ìyàwó wa lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ṣe kéèkì ní ìsàlẹ̀ òpópónà, ó yá pánù olójú méjìlá, ó yá méjì. Ó fọ́ ẹyin sínú abọ́ ńlá, ó da mílíìkì díẹ̀ sí i, ó lù ú pọ̀. Ó rẹ́ tòmátì àti ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́, ó rin wàràkàṣì lé e, ó fi iyọ̀ sí i. Kò fi àlùbọ́sà sí i, nítorí ọmọ rẹ̀. Ó fi òróró pa ojú pánù kọ̀ọ̀kan, ó bu ẹyin sí i kò kún dé ẹnu, ó ti pánù méjèèjì bọ inú ófùn. Nígbà tó máa yọ wọ́n, wọ́n ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fun fèrè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rọlẹ̀, ojú wọn pọ́n, òórùn wọn gba gbogbo ilé.

"Ẹ wò ó, Eyínfúnjowó," ló wí fún mi. Bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, torí kò lè pe ọmọ ọkọ lórúkọ. "Mi ò dín nǹkan kan fẹ́nì kan láàárọ̀ mọ́. Wọ́n á ṣí fíríìjì, wọ́n á mú un, wọ́n á mú un gbóná ní ìṣẹ́jú kan, ó parí. Kí aago mẹ́fà tó lù, mo ti wà lójú títì."

Ibi tó sọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi wọlé.

"Kí lèyí?"

"Oúnjẹ àárọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, Dádì."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Ta ló fọwọ́ sọ̀yà fún ọ pé a máa rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Tí a ò bá rí i, ẹ ò ní láti jẹ ẹ́ nìyẹn."

"Màmá wọn, má fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré. Oúnjẹ òòjọ́ ni Olúwa ní ká máa tọrọ. Òòjọ́! Kò ní oúnjẹ ọ̀sẹ̀. Àwọn tó tọ́jú mánà di ọjọ́ kejì, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Ó yọ ìdin. Wọn ò sì ní fíríìjì nínú aginjù."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, mo bá gbé e mì.

"Èmi ò jẹ ẹyin àná," ó ní.

"Sàdíìnì tí ẹ jẹ tán lánàá ńkọ́, Dádì? Ṣé àárọ̀ àná náà ló kú ni?"

Ó kọjú sí mi. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ó fẹ́ kí n dá a láre. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ wo inú Bíbélì. Mo lọ wò ó lóòótọ́. Ibi kan ní mánà tí wọ́n fi sílẹ̀ di àárọ̀ rùn. Ìlà díẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n kó ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kẹfà, kò rùn. Mo ti ìwé náà pa, n kò sì padà sí ilé ìdáná. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn tí mo máa wọlé lọ béèrè nǹkan, tí n óò sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé pípadé lórí itan.

Wọ́n parí ìjà náà fúnra wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n máa dín ti òun ní gbígbóná, ti àwọn ọmọ kò kan òun. Ẹyin pánù kan dúró sílé fún àwọn ọmọ. Ti pánù kejì, ìyàwó wa kó o sínú ike oníderí láti máa jẹ níbi iṣẹ́, nítorí kò lè dín ti ọkọ tán, kó tún jókòó jẹ ti ara rẹ̀, kó sì bá ọkọ̀ aago mẹ́fà.

Fíríìjì kan ṣoṣo ló wà níbi iṣẹ́ wọn, inú rẹ̀ ni oúnjẹ àwọn arúgbó àti ti òṣìṣẹ́ jọ ń gbé. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gbé ọbẹ̀ aláta òṣìṣẹ́ fún arúgbó kan, baba náà sunkún títí di ọ̀sán. Láti ìgbà náà ni Mátírọ́nì ti pàṣẹ pé ohun tó bá jẹ́ ti òṣìṣẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà. OMI OSISE. BOTA OSISE. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyàwó wa dé pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un wò. Ìyàwó wa náà wá mú bírò, ó kọ ọ́ sórí ìdérí ike rẹ̀: EYIN OSISE.

Kò fi àmì kankan sí i. Ta ló ń fi àmì ohùn sára ike?

Ó wẹ èèyàn mẹ́fà, ó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn mẹ́fà, kó tó ráyè sọ̀kalẹ̀ wá jẹun. Ó bá ike rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti dojú rẹ̀ dé kó lè gbẹ. Alágbàfọ̀, ọkùnrin tó ń fọ aṣọ àwọn arúgbó, ń fẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Ìyá, ẹ kú ìnáwó o! Àpò yín ò ní gbẹ."

"Ìnáwó wo?"

"Ẹ ẹ̀ gbọ́ o! Wọ́n ṣoore tán, wọ́n tún ń fi pamọ́. Mo ṣí fíríìjì, mo rí i lórí ike: 'Ẹ̀yin òṣìṣẹ́.' Mo ní háà! Ta ló rántí àwa òṣìṣẹ́ nínú ilé yìí lónìí? Mo bá pe gbogbo wọn. Mátírọ́nì gan-an mú mẹ́ta."

 Ìyàwó wa lanu láti sọ pé ẹyin ni òun kọ, pé òun kò kọ ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń pín oògùn ti wọlé, ó ti gbá a mọ́ra. Ọdún mẹ́rin ni ìyàwó wa ti wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbá a mọ́ra rí nínú ilé náà, àfi arúgbó tó bá ṣì í mú fún ọmọ rẹ̀.

Nígbà tó délé, yàrá mi ló kọ́kọ́ yà.

"Eyínfúnjowó, ṣé irọ́ ni mo pa?"

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní kò tọ́pẹ́."

Mo rò ó wò. "'Kò tọ́pẹ́' kì í ṣe irọ́."

"Ṣé òótọ́ ni?"

 Mo ní ká gbàdúrà. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ jẹun, òun kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀.

Ní Túsìdé, bó ṣe dé ni wọ́n ti bi í pé ti òní dà. Alágbàfọ̀ ní, "Ìyá, ẹ ti kọ́ ẹnu wa ní nǹkan tuntun o, ẹnu kì í sì í gbàgbé." Ó yẹ kó sọ òótọ́ nígbà náà. Ó ní, "Ó di ọ̀la." Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, mo wọ ilé ìdáná lọ bu omi, mo bá ẹ̀gbọ́n mi níwájú fíríìjì lórí ìdúró, pẹ̀lú ẹyin àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ó ní òun ń tọ́ ọ wò bóyá ó ti kan. Ó ti tọ́ mẹ́rin wò.

Nígbà tó di Wẹ́sìdé, ìyàwó wa jí ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ó sì po ẹyin pánù méjì. Ó kù díẹ̀ kí ó jinná, gáàsì tán. Ó wá òmíràn so. Ó dín ti ọkọ. Wọ́n gbàdúrà ìdílé, Ẹ̀mí sì bà lé ẹ̀gbọ́n mi. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni obìnrin tí kò fẹ́ pẹ́ mọ́ yìí dé ibi iṣẹ́, pẹ̀lú ẹyin mẹ́rìnlélógún tí ó ṣì ń rú èéfín. Mátírọ́nì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Wá sí ọ́fíìsì mi. Gbé ike yẹn dání."

Ìyàwó wa kò jókòó. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ẹ tó kọ ìwé yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan. Ti Mọ́ńdè yẹn, mi ò sè é fún yín. Tèmi ni. Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan mi ni. Ẹyin ni mo kọ síbẹ̀, mà. Ẹyin adìẹ."

Mátírọ́nì fa ike náà mọ́ra. "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́," ó kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. "Ẹyin... òṣìṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mẹ́ta ni mo mú!"

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, mà."

"Olè ni gbogbo wa nìyẹn."

"Rárá mà. Àmì ni kò sí lórí ẹ̀."

Nígbà tí ẹ̀rín tán, Mátírọ́nì ní ọ̀rọ̀ òun kì í yẹ̀: ó ti pẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ wíwẹ arúgbó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní nínú ẹyin mẹ́ta ọjọ́ Mọ́ńdè, òun fi ẹyọ kan fún bàbá tó wà ní yàrá ìkẹyìn, ẹni tí kò ní eyín, tó ti ń ti oúnjẹ àárọ̀ sẹ́yìn láti ìgbà tí alásè wọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Baba náà jẹ ẹ́ tán, ó béèrè òmíràn. Ilé ìdáná ni kí ìyàwó wa bọ́ sí láti Mọ́ńdè.

"Aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, mà?"

"Aago márùn-ún."

"Mà, ti mẹ́fà ààbọ̀ ni mi ò lè bá."

"Mo mọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ wẹ arúgbó, arúgbó nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ se oúnjẹ, gbogbo ilé ló máa pariwo ẹ̀. Wàá máa tètè dé. Àmọ́ tí o bá pẹ́ ní Mọ́ńdè yẹn, ilé rẹ ni kí o máa se é sí."

Nígbà tó sọ ọ́ fún wa nírọ̀lẹ́, mo dìde kí n lọ dúpẹ́ nínú yàrá mi, nítorí mo ti gbàdúrà lórí iṣẹ́ yẹn. Mo kúnlẹ̀. Mo wá ibi tí mo ti bẹ Olúwa pé kí àwọn èèyàn ka nǹkan gbòdì, kí gáàsì sì tán, n kò rí i. Mo ṣáà dúpẹ́. Láti orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ wọn.

"Aago márùn-ún? Ta ló máa wá máa dín ẹyin mi?"

"Ẹ lọ́wọ́ méjì, Dádì."

"Àdúrà ìdílé ńkọ́?"

"Ẹ máa bá àwọn ọmọ gbà á. Tí Ẹ̀mí bá bà lé yín, ẹ má kánjú."

Nígbà tí Mọ́ńdè máa dé, aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ló kúrò nílé. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dé ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ṣí géètì fún un, àmọ́ ìlẹ̀kùn ilé ìdáná wà ní títì, ọwọ́ Mátírọ́nì sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ó pè é lórí fóònù. Mátírọ́nì ní òun ti wà lójú ọ̀nà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Aago márùn-ún lù, ó kọjá. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Mátírọ́nì yọ, tó ń sáré, tí ọ̀kan nínú bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ ti ṣì wọ ojú ihò èkejì.

Inú ilé ìdáná, lórí tábìlì, ni ìwé tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń kọ àkókò tó wọlé sí máa ń wà. Mátírọ́nì ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ aago márùn-ún. Ẹni tó bá wà ní ìsàlẹ̀ ìlà ti pẹ́. Ìyàwó wa mú bírò, ó wo aago ara ògiri, ó wo ọ̀gá rẹ̀.

"Aago mélòó lo dé ẹnu ọ̀nà?" Mátírọ́nì bi í.

"Márùn-ún ku mẹ́wàá, mà."

Mátírọ́nì wú ikọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gba bírò, ó kọ ọ́ sókè ìlà. Lẹ́yìn náà ló yọ kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn náà kúrò lára àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. "Máa mú un lọ sílé."

Lọ́jọ́ kejì, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n kan ìlẹ̀kùn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi pánù sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó lọ ṣí i. Mátírọ́nì ni. Ìyàwó wa kúnlẹ̀, ó kí i dáadáa, ó bi í bóyá ó sùn re. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí i, pẹ̀lú bírò, kó kọ àkókò tó dé.