Ọmọ-Ọmọ Ogisten Fẹ́ Wa Bàálù

Ẹja ni Philomène ń ha ìpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Alban ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé òun ń lọ sí ìlú Òyìnbó láti lọ wa bàálù ogun. Ìyá náà kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bàálù wo? Èyí tó ń fò lókè yẹn? Ìwọ tí wọn ò jẹ́ kí o fọwọ́ kan ìtọ́kọ̀ ojú omi lásán?"

"Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ lọ gan-an nìyẹn, Màmá."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ìyá sọ. Ní L'Esterre tí wọ́n ń gbé, ní erékùṣù Carriacou nínú òkun Kàríbíà, ọmọkùnrin á ti mọ ọkọ̀ tù kó tó mọ bàtà wọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ Alban ló ń tu ọkọ̀ onígbòkun lọ sí Grenada, lọ sí Trinidad. Òun nìkan ni wọ́n fi sí ìdí iṣẹ́ káfíńtà. Ó lè kan ọkọ̀ fún wọn, ó lè rẹ́ pákó rẹ̀ kó dán, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti wọ omi tán, wọ́n á ní kó bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Ogisten wà lára ẹ̀, wọ́n á ní, a ò fẹ́ kú.

Ogisten ni bàbá Philomène. Kí wọ́n tó bí Alban ló ti kó èrò àti ewúrẹ́ lọ sí Trinidad, ní èbúté kan tí kò wọ̀ rí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un kó tó lọ pé iná aláwọ̀ ewé ni kó dojú kọ, pé orí àpáta ni iná pupa wà. Ilẹ̀ ti ń ṣú bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ogisten kọjú ọkọ̀ sí iná pupa tààrà. Moïse, igbákejì rẹ̀, kígbe pé, "Ọ̀gá, pupa nìyẹn o." Ogisten dáhùn pé, "Àwọ̀ ewé ni mò ń wò yìí." Àwọn tó yè gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Kò pẹ́ ni ọkọ̀ fọ́ sí méjì, omi sì gbé èèyàn mẹ́ta lọ. Moïse wà nínú wọn.

Àwọn apẹja tó fa Ogisten jáde fún un ní ọtí rọ́ọ̀mù mu, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹnikẹ́ni tí òtútù òkun bá mú. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ sí. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa dé, ọtí ti ń rùn lẹ́nu ọkùnrin náà. Ta ni yóò tún gbà á gbọ́? Ogisten wí, wí, ó tún un wí títí ó fi kú: iná aláwọ̀ ewé ni mo rí, ọtí ò kan ẹnu mi kí ọkọ̀ tó fọ́. Àwọn ọmọdé a máa sín in jẹ lójú ọ̀nà.

Ní Carriacou, òkú kì í sinmi títí wọn yóò fi gbé òkúta lé orí sàréè rẹ̀. Ó lè pẹ́ ọdún mélòó kan o, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹbí yóò se oúnjẹ, tí gbogbo abúlé yóò fọwọ́ gbé òkúta náà lọ, tí wọn yóò fi rọ́ọ̀mù àti omi rin ilẹ̀ fún olóògbé. Ẹbí nìkan kò lè dá a gbé, abúlé ló ń gbé e. Philomène ti gbẹ́ òkúta bàbá rẹ̀. Ó ti se ewúrẹ́ àti ẹ̀wà òtílí lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n wá. Ẹnikẹ́ni ò wá. Tàǹtí Zabette, opó Moïse, gba iwájú ilé kọjá, ó tutọ́ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni òkúta Ogisten ti fara ti ògiri ẹ̀yìnkùlé tí adìẹ ń sùn lé e lórí. Ogisten a sì máa wá bá ọmọ rẹ̀ lójú àlá, omi á máa ro lára rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan.

Alban wo òkúta yẹn dàgbà. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. "Tí mo bá wọ aṣọ awakọ̀ òfurufú dé," ó sọ fún ìyá rẹ̀, "jẹ́ ká wo ẹni tó máa ní òun ò bá wa gbé òkúta."

Ogun Hitler ló ṣí ọ̀nà, àwọn Òyìnbó ń wá awakọ̀ bàálù. Ní Trinidad, wọ́n yẹ àyà rẹ̀ wò, wọ́n ka eyín rẹ̀, wọ́n ní kó ka lẹ́tà ara ògiri. Ó ka èyí tó kéré jù níbẹ̀, èyí tí dókítà fúnra rẹ̀ ń fi ojú wá. Wọ́n fi ọkọ̀ ńlá gbé e sọdá. Òtútù ìlú Òyìnbó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí bàálù bá kọjá, á gbàgbé òtútù.

Ó ku àyẹ̀wò kan kí wọ́n tó jẹ́ kó gun bàálù. Dókítà àgbà kan ṣí ìwé tó kún fún àmì tótòtó aláràbarà síwájú rẹ̀.

"Nọ́ńbà wo lo rí nínú wọn?"

"Mi ò rí nọ́ńbà kankan, sà. Àmì tótòtó ni mo rí."

Lascelles, ọmọ Jàmáíkà tó tò sẹ́yìn rẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́, má fi ọ̀gá ṣeré. Mẹ́jọ gbàgàdà nìyẹn."

Alban tún wò ó. Kò sí mẹ́jọ kankan níbẹ̀. Ó rò pé àwọn méjèèjì ti gbìmọ̀ láti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Dókítà ṣí ojú ìwé mìíràn, ó tún ṣí òmíràn, ó wá pa ìwé náà dé.

"O ò lè mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Àtùpà ọkọ̀ wa nílé, pupa ń bẹ lọ́wọ́ òsì, àwọ̀ ewé ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún."

"Tí mo bá gbé pupa sí ọ̀tún ńkọ́?"

Alban wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó wo ọ̀tún. Kò sí ẹni tó gbé pupa sí ọ̀tún fún un rí láyé rẹ̀. Ó rántí máńgòrò ilé. Ọwọ́ ló fi ń tẹ̀ ẹ́ kó tó mọ̀ bóyá ó pọ́n. Ó ti rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn.

"Kò sóògùn rẹ̀," dókítà wí. "O ò lè wa bàálù. Bí wọ́n ṣe bí ọ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ìyá ló ti ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ìyá máa ń ríran dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí bàbá ìyá rẹ rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wo ló ṣe?"

"Atukọ̀ ni," Alban wí, ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ́ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Gbogbo abúlé ti ń wo ẹnu Ogisten láti ọjọ́ yìí wá, ojú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí Alban ń lé láti kékeré kú lójú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, bàbá ìyá rẹ̀ sì jí dìde nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Kò mọ èyí tí òun ì bá sunkún fún.

Wọn ò dá a padà sílé. Pákó ni wọ́n fi ń ṣe bàálù mìíràn nígbà náà, wọ́n sì ń wá káfíńtà lójú méjèèjì. Ọkùnrin tó lọ láti fò wá lo gbogbo ogun nílẹ̀, ó ń lẹ apá bàálù fún àwọn tó ń fò.

Ọjọ́ tó dé L'Esterre, wọ́n ti dúró dè é ní etíkun. "Awakọ̀ òfurufú, bàálù dà?" wọ́n bi í. "Àbí ìwọ náà forí ẹ̀ sọ àpáta?" Alban gba àárín wọn kọjá lọ sílé. Inú ilé ló ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ìyá jókòó bíi pé ẹnì kan gbá a létí.

"Bàbá mi ò purọ́," ó wí. "Alban, èmi ọmọ ẹ̀ gan-an, mo rò pé ó mutí ni. Ó ń wá bá mi lójú àlá, mo sì ń rò pé ó wá bẹ̀ mí ni." Ó dìde, ó wé gèlè, ó gba ilé Tàǹtí Zabette lọ. Ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí.

Tàǹtí Zabette gbọ́ ọ tán, ó ní òun ò fẹ́ ìtàn Òyìnbó. Ó ní kí wọ́n lọ tú àtùpà méjèèjì lára ọkọ̀ àna òun wá, kí wọ́n tàn wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ni, àwọn aládùúgbò ti pé lé wọn lórí. Ó fi ẹ̀yìn pa àtùpà mọ́, ó mú ọ̀kan jáde.

"Èwo nìyí?"

"Pupa," Alban wí. Àwọ̀ ewé ni.

Ó tún mú wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Alban mọ ọ̀kan, ó ṣi òmíràn. Nígbà tó yá, àtùpà kan ṣoṣo ni ìyá àgbà náà ń mú jáde léraléra, Alban sì ń pe orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sún mọ́ àtùpà. Tàǹtí Zabette kọjú sí Alban.

"Ṣé kì í ṣe pé ò ń tàn mí, ọmọ yìí?"

"Tàǹtí, ohun tó gba bàálù lọ́wọ́ mi nìyí. Ta ló máa purọ́ kó lè pàdánù ohun tó ń wá?"

Ìyá àgbà náà gbé àtùpà sílẹ̀. "Moïse mi rí pupa," ó ní, "Ogisten sì rí àwọ̀ ewé. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Mo ti ń tutọ́ sílẹ̀ nítorí ọkùnrin yẹn látìgbà tí mo ti di opó."

Wọ́n gbé òkúta Ogisten kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fọ ìgbẹ́ adìẹ kúrò lára rẹ̀, Philomène pa ewúrẹ́ méjì, gbogbo abúlé wá, oúnjẹ ò sì kù. Tàǹtí Zabette ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan òkúta náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lágbára tí ó lè fi gbé nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ tán, àgbà kan ṣí ìgò rọ́ọ̀mù láti fi rin ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo òkú Carriacou. Tàǹtí Zabette gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé e.

"Omi nìkan ni ká fún un," ó wí. "Kò mutí lọ́jọ́ yẹn."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi náà sílẹ̀.